Mo Ti Jí, Mo Ń Bọ̀

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá Ṣùbòmí béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà tó wá kí i lẹ́yìn tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀. Ilé rẹ̀ ní Ìpọ̀nrí kún fọ́fọ́, àwọn èèyàn jókòó títí dé orí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Ẹni tó gbọ́ ohùn ọmọ mi kẹ́yìn nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, kó wá sọ ohun tó wí fún mi. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni." Gbogbo wọn dorí kodò. Lateefah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wà láàárín wọn, òun náà dorí kodò. Òun gan-an ló sì gbọ́ ọ.

Èmi Sìmíátù ni mò ń sọ̀rọ̀. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé wa ní Mushin, lẹ́yìn ọjà Ojúwòyè. Abdulfatai, bàbá Lateefah, ni ẹ̀gbọ́n tí mo tẹ̀lé lẹ́yìn. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe. Iná iṣẹ́ náà ti sọ ojú rẹ̀ di pupa bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, gbogbo àdúgbò ló gbọ́, torí kò sí ẹni tó gbé géètì wá fún un tí kò sọ fún. Èmi ni mo rán kóòtù funfun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà wọ̀. Mo jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀, mo rò pé ẹni tó ń lọ di dókítà yóò máa sanra sí i ni. Mo ṣì í rò. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni mo ń gba kóòtù yẹn wọlé, títí aṣọ tí mo gé kúrò lára rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó rán fìlà.

N kò ní purọ́ fún yín, inú àwọn dókítà ń bí mi, ó sì ti pẹ́. Wọ́n á jókòó tì ọ́, wọ́n á fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Màmá, ẹ máa sùn dáadáa o. Ẹ máa jẹ èso. Ẹ má máa ronú jù." Ẹni tó ń sọ ọ́ kò tíì fojú ba oorun láti ìjẹta, bisikíìtì àti mínírà tútù ló fi ṣe oúnjẹ àárọ̀. Mo bá Lateefah jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi. Á ní, "Àǹtí Sìmí, a ò pọ̀ mọ́. Àwọn tó yẹ ká jọ máa ṣe é ti jápa lọ sókè òkun tán." Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ tó yẹ kí ọ̀pọ̀ èèyàn pín gbé, ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ni wọ́n ń gbé e lé lórí.

Lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá, ọdún kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá kí wọ́n tó lè dá dúró. Ọdún yẹn ni Lateefah àti Ṣùbòmí bọ́ sí wọ́ọ̀dù kan náà, ní ilé-ìwòsàn ńlá kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Ṣùbòmí, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Nǹkan tó máa ń kó sápò pọ̀ débi pé àpò kóòtù rẹ̀ máa ń ya ṣáá, ọ̀dọ̀ mi ló sì máa ń gbé e wá. "Àǹtí wa," bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí, bí ẹni pé òun àti Lateefah jọ pín mi ni. Bí ó bá dé, mo máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ nǹkan tó pani lẹ́rìn-ín rárá. Lẹ́yìn tí ó kú, ọ̀kan nínú àwọn kóòtù rẹ̀ ṣì wà níbi tí mo fi kọ́, àpò rẹ̀ ti di rírán, kò sí ẹni tó máa wá gbà á.

Ní ibi iṣẹ́ wọn, yàrá méjì ni wọ́n ti ń sinmi, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin. Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá kàn ọ́ tí o sì ń sùn, ẹnì kan á wá kan ilẹ̀kùn, á pe orúkọ rẹ. Ìwọ á dáhùn láti inú pé, "Mo ti jí, mo ń bọ̀." Bí o bá ti wí bẹ́ẹ̀, ẹni tó wá jí ọ ti ṣe tirẹ̀, á yí padà. Kò ní ṣílẹ̀kùn. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹnu ti mọ ọ̀rọ̀ náà débi pé ó lè máa sọ ọ́ nígbà tí ẹni tó ni ẹnu ṣì ń hanrun. Wọ́n a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Bí o kò bá wá jáde, ẹni tó wá jí ọ á ṣe iṣẹ́ tìrẹ mọ́ tirẹ̀, kò ní fi ẹjọ́ rẹ sùn. Wọ́n ní àwọn ń bo ara àwọn ni. Oorun ni ẹ̀bùn tó tóbi jù tí wọ́n lè fún ara wọn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn títì ni wọ́n sì ti ń fún ara wọn.

Àárín ọdún yẹn ni ọ̀gá wọn kan, obìnrin tó mọ̀wé tó sì láàánú, wá sọ pé òun fẹ́ ṣe ìwádìí lórí másùnmáwo tó ń bá àwọn dókítà ọ̀dọ́ jà. Ó ní bí irin ṣe ń dógùn-ún nínú òjò, bẹ́ẹ̀ ni ara ẹni tí kò sinmi ṣe ń dógùn-ún lábẹ́nú, àti pé àwọn èso tí àwọ̀ wọn pọ́n tàbí tó dúdú ní èròjà tó ń gbógun ti ìdógùn-ún yẹn. Wọ́n ti sá àgbálùmọ̀ àti èso àjàrà dúdú gbẹ, wọ́n ti lọ̀ wọ́n kúnná, wọ́n dì wọ́n sínú ọ̀rá kéékèèké. Kí kálukú máa da ọ̀rá kan sínú omi láràárọ̀, kó mu ún, wọn á sì máa béèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí. Lọ́jọ́ tí Lateefah sọ ọ́ nílé, Ẹ̀gbọ́n Abdulfatai rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Irin tó wà nínú òjò, ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ gbé e kúrò nínú òjò ná?" Lateefah náà rẹ́rìn-ín, a sì jẹun lọ.

Wọ́n mu ún, ara wọn sì yá. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ọmọ tó máa ń wọlé bí ẹni tí wọ́n lù, wá ń kọrin nílé ìwẹ̀. Ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n fi epo sí oríkèé òun. Gbogbo wọn gba nǹkan pupa yẹn gbọ́, àwọn tó jẹ́ pé bí aláìsàn bá ti dárúkọ àgbo fún wọn, wọ́n á ti máa yínmú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ọ̀gá káàkiri wọ́ọ̀dù, òòyì kọ́ Lateefah, ó sì fara ti ògiri. Ṣùbòmí ló rí i. Nígbà tí ọ̀gá kọjá, ó fa ọ̀rá tirẹ̀ yọ nínú àpò, ó dà á sínú omi, ó gbé e fún un. Lateefah ní rárá, wọ́n ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi tirẹ̀ fún ẹlòmíì. Ṣùbòmí ní, "Lati, mu ún jàre. Tó o bá ṣubú síbí, ṣebí èmi náà ni màá ṣiṣẹ́ ẹ mọ́ tèmi." Ó mu ún. Láti ọjọ́ yẹn, tirẹ̀ àti ti Ṣùbòmí ló ń mu, wọn kò sì jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀. Bí ara Lateefah ṣe ń le sí i, Ṣùbòmí bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ ra àyà ara rẹ̀. Lateefah bi í léèrè. Ṣùbòmí ní ata tí òun jẹ ló ń ta òun láyà. Dókítà méjì ló dúró síbẹ̀ o, ọ̀kan ń ra àyà, èkejì ń wò ó, wọ́n sì gbà pé ata ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló ṣẹlẹ̀, nígbà ọyẹ́, eruku bo gbogbo ojú ọ̀run. Ṣùbòmí ti ṣiṣẹ́ mọ́jú, ó lọ dùbúlẹ̀ láàárọ̀. Lateefah lọ kírun Jímọ̀. Nígbà tó dé, nọ́ọ̀sì ní kó bá àwọn pe Ṣùbòmí, iṣẹ́ ti kàn án. Ó rìn dé ẹnu yàrá àwọn ọkùnrin. Obìnrin tó wọ híjáàbù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìrun dé, kò jẹ́ ṣílẹ̀kùn yàrá ọkùnrin. Ó kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Ṣùbòmí!" Ohùn kan dáhùn láti inú pé, "Mo ti jí, mo ń bọ̀." Ohùn náà rẹlẹ̀ díẹ̀, bí ohùn ẹni tó fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Lateefah yí padà.

Kò wá. Inú kọ́kọ́ bí i, lẹ́yìn náà àánú ṣe é, ó ní kí ọmọ ọlọ́mọ sùn. Ó bò ó. Ó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti Ṣùbòmí títí oòrùn fi wọ́ lọ sí ọwọ́ Alàásárì. Ìgbà yẹn ni obìnrin tó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn ṣílẹ̀kùn yàrá náà, ó sì figbe ta.

Ọ̀gá wọn fọwọ́ kan Ṣùbòmí, ó tẹ apá rẹ̀, ó mi orí. Ara ti tutù, ó ti gan. Ó ní ó ti pẹ́ tó ti lọ, pé kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀ rárá ni ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójú oorun. Gbogbo wọn ń sunkún. Lateefah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọwọ́ tó fi kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ìrun ló kàn án. Ó sì gbọ́ èsì.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún? Bí ó bá sọ pé Ṣùbòmí dáhùn, wọ́n á ní ó ti sínwín. Bí ó bá sọ pé òun kan ilẹ̀kùn, wọ́n á béèrè pé kí ló dé tí kò ṣí i. Ó tún wá di pé Màmá Ṣùbòmí, tó mọ̀ pé Lateefah ni ọmọ òun fẹ́ràn jù níbi iṣẹ́, yàn án pé kó bá òun wádìí lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ìyá náà a máa pè é lórí fóònù lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, á béèrè àlàáfíà gbogbo wa nílé, á ṣàdúrà fún un, lẹ́yìn náà á ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti bá mi béèrè?" Lateefah á ní, "Mo ṣì ń béèrè, mà." Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ìyá yìí kò jáwọ́.

Nínú ilé, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Lateefah kì í ti ilẹ̀kùn mọ́. Bí ẹlòmíì bá tì í, á dìde lọ ṣí i. Yàrá, kíṣìnnì, títí dé ilé ìwẹ̀, mo sì bá a jà gidi nígbà tí ó ṣílẹ̀kùn lé mi lórí tí ọṣẹ wà lójú mi. Mo rò pé ìwà tuntun ni. Ọjọ́ kan ni mo rí i tó dúró níwájú yàrá bàbá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ kan ilẹ̀kùn, kò kàn án, kò sì kúrò níbẹ̀. Ó ń tẹ́tí. Mo ní, "Kí lò ń gbọ́?" Ó ní, "Kò sí." Láti ọjọ́ yẹn ni èmi náà ti ń bẹ̀rù àwọn ilẹ̀kùn ilé wa, èmi tí mo dàgbà síbẹ̀.

Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti mu ẹ̀mí Ṣùbòmí. Ọ̀rá tí ì bá gba ọmọ náà là, inú òun ló lọ láràárọ̀. Ohun tó rò nìyẹn, ó sì ń rù ú kiri nínú kóòtù tó ti fẹ̀ jù fún un lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí ìwádìí parí, ọ̀gá pe gbogbo wọn jọ láti dúpẹ́. Ó wá là á yé wọn pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn kan gba èso gidi, àwọn kan gba ògì gbígbẹ tí wọ́n pa láró pupa, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tí òun ń mu. Ó ní àwọn tó kópa kò tiẹ̀ pọ̀ tó láti fi sọ bóyá èso ṣe nǹkan kan tàbí kò ṣe é. Wọ́n pariwo, wọ́n rẹ́rìn-ín, kálukú ń béèrè tirẹ̀. Taoheed, ọ̀kan nínú wọn tó ti ń sọ káàkiri pé àgbálùmọ̀ ti sọ òun di ọmọdé, gbọ́ pé ògì ni tòun, wọ́n sì fi ṣe ẹlẹ́yà. Lateefah dúró títí yàrá fi ṣófo. Ó béèrè tirẹ̀. Ọ̀gá ní ògì ni. Ó béèrè ti Ṣùbòmí. Ọ̀gá ní, "Ògì ni tirẹ̀ náà, ọmọ mi."

Ẹ rí nǹkan. Ògì lórí ògì ni ọmọ wa fi ń dúró, ògì náà ni Ṣùbòmí ń fi ìfẹ́ fún un. Èèyàn á rò pé ọkàn rẹ̀ yóò fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Bí kì í bá ṣe ọ̀rá ló pa á, a jẹ́ pé ó ku ilẹ̀kùn tí kò ṣí.

Gbogbo èyí kò tíì yé mi nígbà yẹn, torí kò sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo mọ̀ ọ́n ni ọjọ́ tí ó ti ibi iṣẹ́ dé, tí ó jókòó sórí ìdì aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi, oorun sì gbé e lọ. Ọ̀sán gangan ni, Ojúwòyè ń pariwo. Mo ti fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀ dé ìdajì nítorí oòrùn. Jameelah oníbàárà mi dé, ó gbá irin náà gbàgbàgbà, ó ní, "Àǹtí Sìmí!" Kí n tó lanu, ohùn kan dáhùn lẹ́yìn mi, ó ní, "Mo ti jí, mo ń bọ̀." Mo yíjú. Lateefah ni. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gedegbe, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ojú náà. Ohùn yẹn kò jọ tirẹ̀. Ó rẹlẹ̀, bí ohùn ẹni tó fi ìrọ̀rí bo ẹnu.

Mo gbá a létí. Ẹ má bá mi wí, ẹ̀rù ló bà mí. Ó ta gìrì, ó ní, "Àǹtí, ta ló dáhùn?"

Mo ní, "Ìwọ ni. Ta ló tún wà níbí?"

Ó di aṣọ mi mú. Mo lé Jameelah lọ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, mo fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀ tán, Lateefah sì ní kí n má tì í, mo ṣí i padà. Ó wá tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: ọ̀rá, ata, ìrun Jímọ̀, ohùn, ọwọ́ tó fi kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní, "Àǹtí, mi ò tíì sùn rárá lọ́sẹ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo kanlẹ̀kùn, tí èmi náà sì dá ara mi lóhùn ńkọ́? Kí ni kí n lọ sọ fún Mọ́mì Ṣùbòmí? Ohùn ta ni kí n gbé lọ bá wọn?"

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo sì ti rí i pé tirẹ̀ ti fẹ́ dákẹ́ náà. Mo ní, "Dìde. Ìpọ̀nrí là ń lọ." Ó ní kí a dúró di ọjọ́ mìíràn. Mo ní kò sí ọjọ́ mìíràn. Mo mú kóòtù Ṣùbòmí kúrò níbi tí mo fi kọ́, mo ká a, mo fi sínú báàgì. Bí a ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Costain, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, mo sì fà á lọ́wọ́ bí ìgbà tí mo ń mú un lọ ilé kéwú.

Màmá Ṣùbòmí nìkan ló wà nílé. Obìnrin kúkúrú ni, kò sanra, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó gbé omi fún wa, ó béèrè Ẹ̀gbọ́n Abdulfatai. Mo fún un ní kóòtù. Ó fọwọ́ pa ojú àpò tí mo rán, ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ó máa ń sọ̀rọ̀ yín." Lateefah kúnlẹ̀. Kò sunkún. Ó sọ ọ́ tẹ̀léra tẹ̀léra, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ aláìsàn fún ọ̀gá wọn, kò bo ohunkóhun, kò sì gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tó dé ibi ọ̀rá, ìyá náà mi orí díẹ̀, ó ní, "Ṣùbòmí kì í jẹ nǹkan kó má fún ẹlòmíì." Nígbà tó dé ibi ilẹ̀kùn, ìyá náà kò mi orí mọ́.

Ó ní, "Kí ló wí?"

Lateefah ní, "Ó ní òun ti jí, òun ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Mọ́mì, wọ́n ní ó ti lọ nígbà yẹn. Mi ò mọ ohùn tó dá mi lóhùn. Ó lè jẹ́ èmi fúnra mi. Ẹ dárí jì mí, mà, mi ò fẹ́ fún yín ní nǹkan tí kì í ṣe tiẹ̀."

Màmá Ṣùbòmí rẹ́rìn-ín. Mo búra, ẹ̀rín ni, ẹ̀rín kékeré kan tó jáde láìròtẹ́lẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá pàdé ará ilé rẹ̀ lọ́jà. Ó ní, "Tiẹ̀ ni. Bó kú, bó yè, tiẹ̀ ni. Nígbà tó wà ní kékeré, tí mo bá ń jí i fún ilé-ìwé, kí n tó pe orúkọ ẹ̀ tán ló ti máa ń dáhùn. 'Mo ti jí, Mọ́mì, mo ń bọ̀.' Irọ́ ni. Oorun ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò gbà á gbọ́ lọ́jọ́ kan. Mo máa ń ṣílẹ̀kùn ni. Màá wọlé, màá di ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, mi ò ní fi sílẹ̀ títí ó fi máa lajú."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó wo Lateefah. Ó ní, "Ṣé o ò lè ṣílẹ̀kùn ni?"

Lateefah ní, "Mi ò ṣí i, mà."

"Ìṣẹ́jú kan péré. Kó o kàn yọjú."

"Mi ò ṣí i, mà."

Inú yàrá náà le. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fẹ́ sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ni, ọkùnrin ló wà nínú yàrá, ó ti kú kí Lateefah tó dé ibẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀gá wọn sọ. Ìyá náà di kóòtù mú, ó ń mí gùlegùle, ojú rẹ̀ sì kún fún ìbínú débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àyàtú Kúrísíyù, àdúrà ààbò wa, sínú. Mo rò pé yóò ṣépè. Kì bá jẹ̀bi bí ó bá ṣẹ́ ẹ.

Ó tẹjú mọ́ Lateefah. Ó ní, "Ìgbà wo lo sùn kẹ́yìn?"

Lateefah bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́.

Ìyá náà ní, "Bí ojú ẹ ṣe rí yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiẹ̀ rí nígbà tó wá kí mi kẹ́yìn. Mo rí i, mo di oúnjẹ fún un, mo jẹ́ kó lọ." Ó dìde, ó fa Lateefah sókè ní apá. Ó mú un lọ sí yàrá Ṣùbòmí, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kó dùbúlẹ̀. Ó fa ilẹ̀kùn tì. Mo retí pé Lateefah yóò dìde wá ṣí i bó ṣe máa ń ṣe. Kò dìde. Oorun ti gbé e.

Èmi àti ìyá náà jókòó ní pálọ̀. Ó gbé kóòtù náà sórí itan. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alàásárì ní mọ́ṣáláṣí tó wà ní ẹ̀yìn ilé, òun tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ rántí. Ó ní, "Kò gbọdọ̀ kọjá ìrun ẹ̀." Ó rìn lọ sí ẹnu yàrá náà, ó kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Lateefah."

Ohùn kan dáhùn láti inú, ó rẹlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Mo ti jí, mo ń bọ̀."

Títí di òní, n kò lè fi Kùránì búra pé ohùn Lateefah ni. Mo wo Màmá Ṣùbòmí, òun náà sì ti gbọ́ ohun tí mo gbọ́, torí ó ti gbé etí lé igi ilẹ̀kùn. Àwa méjèèjì mọ ohun tó lè wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ká ní èmi ni, ǹ bá dúró síta.

Ó ṣí i. Ó wọlé, ó jókòó sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sì di ọmọ ìka ẹsẹ̀ Lateefah mú.